Ta Ló Ń Tún Afárá Ṣe?

4.

…kò sì sí ohun tó ń ṣe é, ó kàn ti dàgbà ni.

Bí Rasidat ṣe parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ níwájú Adélékan nìyẹn, ní bíróò wọn ní Akpakpa, ládùúgbò kan ní Cotonou, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ẹ má bi mí níbi tí abala kìíní dé ìkẹta wà. Mo ti ya wọ́n. Ìgbéraga ló kún inú wọn, èmi tí mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, mi ò lè máa ka ìgbéraga sókè fún yín.

Rasidat yìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ìsẹ́yìn ni bàbá ẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Cotonou ni wọ́n bí òun sí. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ jẹun. Adélékan ni ọ̀gá ẹ̀, òun náà ni ẹnìkejì ẹ̀ nínú bíróò oníyàrá kan. Kò sí ẹ̀kẹta.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: ilé ìwòsàn kékeré kan ní Godomey ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbẹ lára wọn lójijì. Wọ́n ń fẹ́ ètò kan tó jẹ́ pé bí ọmọ bá nílò ẹ̀jẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé sórí fóònù gbogbo ẹni tó lè fún un, lẹ́ẹ̀kan náà, kíákíá.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í da ìpìlẹ̀ fúnra ẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ tí ẹlòmíràn ti dà ló ń kọ́lé sí. Afárá ni orúkọ èyí tí Rasidat ń wí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wo inú ẹ̀, kó mú un lò.

5.

ÌWÉ TÓ WÀ LÁRA ÒGIRI BÍRÓÒ. Rasidat ló kọ ọ́.

AFÁRÁ
— Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án.
— Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa. Godomey! Ẹ rántí Godomey!
— Ó mọ àmì orí ọ̀rọ̀: Yorùbá, Fọ̀n, Gùn.
— Ilé ìwòsàn mọ́kànlá ló ń lò ó.
— Àtúnṣe: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kò pọ̀. Kì í yẹ̀.

Nísàlẹ̀, bírò pupa, ọwọ́ Adélékan:

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tún un ṣe. Bí ó bá kú ńkọ́?

Nísàlẹ̀ ìyẹn, bírò dúdú:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fẹnu yín pe ikú.

6.

ADÉLÉKAN: Èyí tí àwọn ará òkè òkun ń lò ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́.

RASIDAT: Lójoojúmọ́ náà ló ń bàjẹ́.

ADÉLÉKAN: Ìwọ àti ẹnu ẹ yìí.

RASIDAT: Ẹ̀gbọ́n, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Gbogbo ibi tó lè ya lára Afárá ló ti ya. Ọkùnrin yẹn sì ti rán an.

ADÉLÉKAN: Ta ni ọkùnrin yẹn?

RASIDAT: Placide ló ń jẹ́. Ọmọ Àgùdà ni. Akpakpa níbí ló ti ṣe é.

ADÉLÉKAN: O mọ̀ ọ́n?

RASIDAT: Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

ADÉLÉKAN: Iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ni mo bi ọ́. Bí wọ́n bá pè é, ṣé ó ń dáhùn?

RASIDAT: Mi ò tíì pè é rí.

ADÉLÉKAN: Lọ pè é. Bó bá dáhùn, kọ́lé lé e lórí. Bí ò bá dáhùn, a ò ní fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ gbára lé ẹni tí a ò rí.

7.

OJÚEWÉ AFÁRÁ. ÌBÉÈRÈ 211.

Rasidat: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. A fẹ́ fi Afárá ṣe ètò ilé ìwòsàn kan ní Godomey. Ṣé ẹ ṣì ń mójú tó o? Ṣé ẹ máa wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún sí i?

Ọjọ́ mẹ́fà kọjá.

Placide: Ẹ ṣé o. Mo wà. Ara mi le. Iṣẹ́ ló pọ̀ níbi tí mo wà. Ẹ bá mi kí wọn nílé.

7.

(Bẹ́ẹ̀ ni, keje ni èyí náà. Ẹ fi mí sílẹ̀.)

Rasidat fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó gbé fóònù lọ bá Adélékan. Adélékan kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dáa, kó máa bá iṣẹ́ lọ.

"Ẹ bá mi kí wọn nílé." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀yin rí i. Ta ló ń kọ irú ìyẹn sí àlejò tí kò mọ̀ rí? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn tó fẹ́ gbọ́ kì í gbọ́ nǹkan mìíràn. Èmi náà ìbá má rí i.

8.

Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ. Ó dára. Ó dára débi pé inú ń bí mi.

9.

ÀWỌN ÀTẸ̀JÍṢẸ́ TÓ DÉ SÓRÍ FÓÒNÙ RASIDAT, láti ọwọ́ Balqees, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní Godomey. Oṣù Karùn-ún.

10:12 Rasidat, a fẹ́ lo ètò yẹn lónìí o. Ọmọ kan ni, Ràhmát, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

10:15 Ó ní iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn ogójì. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!

10:50 Kò sẹ́ni tó wá.

11:20 Rasidat, kò tíì sẹ́ni tó wá o.

11:41 Mo ti pe ọ̀kan nínú wọn. Ó ní òun ò rí nǹkan kan gbà.

11:43 Mo ń gun alùpùpù zẹ́mì lọ báyìí. Màá lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

14:05 A rí ẹnì kan. Ọmọ náà ti ń mí dáadáa. Ọlọ́run ló yọ wá, kì í ṣe Afárá yín.

10.

Rasidat ò lè jẹun. Ó tú Afárá wò láti òkè délẹ̀, ó sì rí i.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ìjọba fi òdo àti ení kún iwájú nọ́ńbà fóònù gbogbo wa nílẹ̀ yìí. Ẹyọ mẹ́jọ di ẹyọ mẹ́wàá. Oní-zẹ́mì mọ̀, ẹlẹ́kọ mọ̀, ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀. Afárá nìkan ni ò mọ̀. Ó ń gé nọ́ńbà kúrú sí mẹ́jọ, ó ń ju iṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ó wá ń sọ pé ó ti dé. Irú irọ́ wo nìyẹn!

Ìlà kan ṣoṣo ló máa wò ó sàn. Ó kọ ọ́ kí tíì tó tutù. Ó tún ti Godomey ṣe lójú ẹsẹ̀, ó sì fi ìlà náà ránṣẹ́ sí ojúewé Placide kó fọwọ́ sí i, torí ojúewé yẹn ni àwọn ilé ìwòsàn mọ́kànlá tó kù ti ń gba àtúnṣe.

Placide: Ẹ ṣé o. Màá wò ó. Ara mi le.

Kò wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì.

Rasidat wá nọ́ńbà àwọn mọ́kànlá náà. Mẹ́rin ló gbé ìpè. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi dá a lóhùn: àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, Placide làwọn mọ̀, ọjọ́ tí Placide bá fọwọ́ sí i làwọn máa gbà á.

11.

ÀWỌN ÀTÚNṢE AFÁRÁ, bí ojúewé náà ṣe tò wọ́n

Oṣù Keje 2024. Ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ìlà. "Mo tún ọ̀nà ìfiránṣẹ́ ṣe fún ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já. Ó gba ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀yìn ń dùn mí."
Oṣù Kẹjọ. Kò sí.
Oṣù Kẹsàn-án. Ìwé àlàyé: a yọ kọ́mà kan.
Oṣù Kẹwàá. Ìwé àlàyé: a dá kọ́mà kan padà.
Oṣù Kọkànlá. A yọ kọ́mà kan.
Oṣù Kejìlá. A dá kọ́mà kan padà.
Oṣù Kìíní 2025. A yọ kọ́mà kan.
Oṣù Kejì. A dá kọ́mà kan padà.
Oṣù Kẹta. A yọ
Oṣù Kẹrin. A dá
Oṣù Karùn-ún. A

Gbogbo wọn, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Gbogbo wọn, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń ti Mísà dé.

12.

Kọ́mà kan náà ni.

13.

Àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀ ojúewé náà. Akpakpa. Òpópónà mẹ́ta péré sí bíróò wọn. Rasidat fẹsẹ̀ rìn lọ lọ́sàn-án ọjọ́rú. Obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ló ṣí géètì, ẹfun pátákó ìkọ̀wé ṣì wà lára ìka ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ń pè ní Tata níbí, bí ìgbà téèyàn bá ní àǹtí.

RASIDAT: Ẹ káàsán o, Tata. Ọ̀gá Placide ni mò ń bèèrè.

OBÌNRIN: Ó rìnrìn àjò.

RASIDAT: Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?

OBÌNRIN: Ta ló rán yín?

RASIDAT: Kò sẹ́ni tó rán mi, Tata. Èmi ni Rasidat. Èmi ni mo kọ̀wé nípa Godomey.

OBÌNRIN: Áà. Rasidat.

RASIDAT: Tata, ẹni tó ṣe Afárá ò ní jókòó máa yọ kọ́mà kan ṣoṣo.

OBÌNRIN: Ẹ rọra sọ̀rọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ìyá wà ní pálọ̀.

Ó jáde síta, ó sì pa géètì dé sẹ́yìn ara ẹ̀.

14.

Émilienne lorúkọ ẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Placide lẹ̀gbọ́n ẹ̀, àwọn méjèèjì náà ni ìyá wọn bí.

Placide kú ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá. Ó jókòó sórí àga níbi tó ti lọ gba ìwé kan, ó ń dúró kí wọ́n pe orúkọ òun, wọ́n pè é, kò dìde. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ìyá wọn ti lé lọ́gọ́rin, àyà ẹ̀ ò sì lágbára mọ́. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: a kì í túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ tó ti darúgbó. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀. Wọ́n sin ín láìsí ariwo, wọ́n sọ fún ìyá pé iṣẹ́ ńlá ló pè é lọ sí Kánádà lójijì, pé níbi tó wà, wọn kì í jẹ́ kéèyàn lo fóònù. Òkú Àgùdà, wọ́n sin ín láìsí orin! Mo gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ìyá mọ ojúewé náà. Placide ló fi hàn án nígbà ayé ẹ̀: ọjọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́, àmì aláwọ̀ ewé á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ̀. Ìyá ò mọ̀wé kà, àmọ́ ó mọ àmì náà dáadáa. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ó ti Mísà dé, ó ní kí Émilienne ṣí i fún òun. Ó wò ó títí.

"Àmì ọmọ mi dà?"

Émilienne rí kóòdù tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi ń wọ ojúewé náà nínú ìwé kan, ó sì fi wọ̀ ọ́ lórí fóònù ara ẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù sì ń bà á kó má lọ ba nǹkan jẹ́. Ó wá ohun tó kéré jù lọ nínú gbogbo ẹ̀. Kọ́mà. Ó yọ ọ́. Àmì yọ. Ìyá jẹun lọ́jọ́ náà.

15.

Ẹ tún gbọ́ èyí: Ìyá Placide ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó bá kọjá, ẹni tó bá wọlé, ẹni tó bá gbé ẹja wá, orúkọ òkú náà ló fi ń kí i. Oṣù mẹ́wàá.

16.

ÉMILIENNE: Ẹ gba kóòdù náà.

RASIDAT: Tata, rárá.

ÉMILIENNE: Ẹ gbà á. Ẹ fọwọ́ sí ìlà yín lórúkọ ẹ̀. Ẹ máa ṣe gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ á rí ẹ̀jẹ̀, ìyá á rí àmì. Ta lẹ ṣẹ̀?

RASIDAT: Títí di ìgbà wo?

ÉMILIENNE: Títí ìyá á fi sinmi.

RASIDAT: Ẹ ò ní rẹ̀ yín?

ÉMILIENNE: Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò mi. Mi ò tíì sunkún ẹ̀gbọ́n mi. Ibo ni mo fẹ́ ti sun ún? Inú ilé kọ́. Iléèwé kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń di Placide, màá kọ pé ara mi le.

Ó sunkún níbẹ̀, lẹ́yìn géètì, ó fi ìborùn dí ẹnu. Rasidat dì í mú.

17.

LẸ́YÌN ÌWÉ KAN, ọwọ́ Rasidat

Bí mo bá gba kóòdù: ilé ìwòsàn mọ́kànlá á sàn lónìí. Èmi á wá di Placide. Gbogbo èèyàn á máa gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò sí.

Bí mo bá kọ ọ́ síta pé ó ti kú, tí mo sì ṣí ojúewé tuntun lórúkọ ara mi: òtítọ́ ni. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ní Akpakpa á kà á pẹ̀lú. Wọ́n á wá kí ìyá kú ìrọ́jú.

Bí mo bá dákẹ́: Ràhmát mìíràn, níbi tí wọn ò ti ní Balqees.

(Ó fagi lé ìkẹta. Ó fagi lé èkejì. Ó tún èkejì kọ.)

18.

Adélékan: Jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn, Rasidat. Ẹ̀bi ẹ kọ́. Ká lo ti òkè òkun, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀.

Rasidat: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń sunkún láti àárọ̀. Ẹ má bá mi sọ ti òkè òkun.

Adélékan: Pẹ̀lẹ́.

Adélékan: Mo ti bá àwọn ilé ìwòsàn tí kò gbé ìpè sọ̀rọ̀. Mo débẹ̀ fúnra mi, méjì. Wọn ò gbà. Wọ́n ní ẹni tí wọn ò mọ̀ ò lè tún nǹkan àwọn ṣe.

19.

Rasidat pinnu lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò ní sọ èyí tó pinnu. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

20.

Ọ̀sán Sátidé ló padà lọ síbẹ̀, láti lọ sọ ọ́ fún Émilienne. Émilienne ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó wọlé àwọn gbọ́dọ̀ jẹun ná. Ó fà á wọ pálọ̀, ó fi í jókòó ti ìyá, ó wọ kíṣìnì lọ bu àkàsà àti ẹja.

Kò sẹ́ni tó gba ohùn tó tẹ̀lé e yìí sílẹ̀. Bí Rasidat ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́.

RASIDAT: Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Placide.

ÌYÁ: O káàbọ̀. Ìwọ lọmọ tó ń bá Placide ṣiṣẹ́?

RASIDAT: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Ó ń dá ọ lóhùn?

RASIDAT: Ó ń dáhùn, mà.

ÌYÁ: Kí ló ń sọ?

RASIDAT: Ó ní… ó ní ara òun le.

ÌYÁ: Bẹ́ẹ̀ náà ni Émilienne ń kà á fún mi. Ara mi le, ara mi le. Placide! Ọmọ tí mo bí! Bí o bá bi í pé báwo lara, orí fífọ́ ni yóò kọ́kọ́ kà fún ọ, yóò kan ẹ̀yìn, yóò dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àròyé ló fi gbé ayé.

RASIDAT: (ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín)

ÌYÁ: Òtútù ibẹ̀ ló yí i padà, àbí?

RASIDAT: Bóyá, mà.

ÌYÁ: Àwọn àgbà ní ọmọ-ẹni-kú sàn ju ọmọ-ẹni-nù lọ. O ti gbọ́ ọ rí?

RASIDAT: Mo ti gbọ́ ọ, mà.

ÌYÁ: Mo máa ń rò ó. Fóònù ẹ dà?

RASIDAT: Òun rèé.

ÌYÁ: Bá mi kọ̀wé sí i níbi tí o máa ń kọ ọ́ sí. Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ. Má fi tìẹ kún un.

21.

OJÚEWÉ AFÁRÁ. ÌBÉÈRÈ 214.

Placide, ìyá ẹ ni. Mo ń rí àmì ẹ lóṣooṣù. Àmì ò tó mi mọ́. Ṣé o ti jẹun?

22.

Rasidat fi í ránṣẹ́. Omi ti kún ojú ẹ̀, kò ronú. Ká ní ó ronú ni, ìbá ti ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, arúgbó náà kì bá tí mọ̀.

Lójú ẹsẹ̀, fóònù kan dún ní kíṣìnì.

Ṣíbí tí wọ́n fi ń bu ẹja dákẹ́.

Ìyá yíjú sí ọ̀nà kíṣìnì. Kò pe Émilienne. Émilienne ò jáde. Lẹ́yìn náà ni ìyá gbé ọwọ́ lé orúnkún Rasidat, ojú ẹ̀ ṣì wà lọ́nà kíṣìnì.

ÌYÁ: Tún un fi ránṣẹ́.